Bouillon Chartier ní Paris: inú ìkòkò ńlá ni kí ẹ ti jẹun

Bí ẹ bá wọ Bouillon Chartier, ẹ má bèèrè steak, ègé ẹran màlúù tí wọ́n fi iná yan. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé steak àti pòtétò díndín ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwọn Faransé. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á ní ilé oúnjẹ náà kò tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ilé tí ààyè ìjókòó rẹ̀ lé ní 300, tó ń dáná láti 11:30 àárọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru lójoojúmọ́, kò ráyè dúró ti ègé ẹran kan ṣoṣo. Ìkòkò ńlá ni agbára rẹ̀ wà. Ohun tó ti ń rọra hó kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ohun tí wọ́n sè láàárọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó tutù, ohun tó jẹ́ pé wọ́n kàn máa bù ú sáwo ni: irú ìwọ̀nyí ni Chartier mọ̀ ọ́n ṣe, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á.

Chartier àkọ́kọ́ la ń sọ, èyí tó wà ní ojúlé 7, rue du Faubourg-Montmartre, ní àdúgbò kẹsàn-án Paris. Ìlà 8 àti ìlà 9 ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ń débẹ̀. Grands Boulevards ni kẹ́ ẹ ti sọ̀. Ilé oúnjẹ náà kò sí lójú títì gan-an. Ẹ ó gba abẹ́ ilé kan kọjá, ẹ ó bọ́ sí àgbàlá tó wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń yí bìrí wà. Èrò tó tò síta ló sábà máa ń júwe rẹ̀ fún àlejò.

Omi ẹran sísè ni ìtumọ̀ bouillon. Ní nǹkan bí 1855, alápatà kan tó ń jẹ́ Duval bẹ̀rẹ̀ sí í se ibi ara ẹran tí àwọn olówó kì í rà, ó ń tà á pẹ̀lú omi rẹ̀ gbígbóná fún àwọn òṣìṣẹ́ ọjà Les Halles. Òwò náà ràn bí iná ọyẹ́; nígbà tó fi máa di 1900, irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti tó nǹkan bí 250 ní Paris. Frédéric àti Camille Chartier, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, dá tiwọn sílẹ̀ ní 1896. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣì ń ṣe nínú yàrá kan náà dòní. Ẹni tó bá ti jẹun rí ní bùkà tó mọ́wọ́ ní Ìbàdàn yóò tètè mọ ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀: ìkòkò tó tóbi, tó ń tán kíákíá, kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn.

Bistro, irú ilé oúnjẹ Faransé mìíràn, kéré ju bouillon lọ. Tábìlì bíi mẹ́wàá sí ogún, pátákó dúdú tí wọ́n fi ẹfun kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sí, alásè tẹ́ ẹ lè máa gbúròó rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ wọn ni ẹ ó rí ní bouillon pẹ̀lú, àmọ́ bouillon yá ju bistro lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí i.

Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ tó gbójú lé ìwé oúnjẹ. Òrùlé náà ga, gíláàsì ló wà láàárín rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, dígí ńláńlá wà lára ògiri, ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù àti aṣọ òtútù lé wà lókè orí àwọn oníbàárà, idẹ sì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo àwọn àpótí pákó pẹ́pẹ̀pẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Nígbà àtijọ́, oníbàárà tó bá ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ ní tirẹ̀, ibẹ̀ ló ń fi aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n ní gbèsè oúnjẹ ni ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Germont fi àwòrán ara ògiri kan san ní 1929. Láti 1989 ni ìjọba Faransé ti ka yàrá náà mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó.

Wọn kì í bá èèyàn mú ààyè sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé. Láàárín agogo méjìlá àbọ̀ sí méjì ọ̀sán, àti agogo méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, ìlà náà máa ń gùn dé ojú títì, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé Chartier kì í paná lọ́sàn-án. Bistro tó pọ̀ jù ní Paris ń ti ilé ìdáná ní nǹkan bí agogo méjì àbọ̀, wọn kì í sì í tún un ṣí títí di agogo méje. Torí náà, agogo mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán ni àkókò tó rọrùn jù níbí. Ẹ sì lè dé ní 11:20 kẹ́ ẹ wà lára àwọn àkọ́wọlé. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn dání, ẹ má mú un lọ ní alẹ́ Sátidé, nítorí orí ìdúró ni wọ́n ti ń retí.

Bí ẹ bá pé méjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi yín sí tábìlì tí àwọn ẹlòmíràn ti ń jẹun. Bí ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, wọn kò rí yín fín. Ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá níbẹ̀. “Bonjour” lọ́sàn-án, “bonsoir” lálẹ́, òun náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Lójú àwọn Faransé, kíkí ṣe pàtàkì bó ṣe ṣe pàtàkì lójú Yorùbá. Ẹni tó bá fò ó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ oúnjẹ, kò ní rí ẹ̀rín. Àwọn agbóúnjẹ wọn wọ dúdú lókè, wọ́n ró aṣọ funfun gígùn mọ́dìí, wọ́n sì ń sáré. Orí pépà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì yín ni wọ́n máa kọ ohun tẹ́ ẹ bèèrè sí. Ẹ ti pinnu oúnjẹ àkọ́kọ́ àti èkejì kó tó dé, nítorí bó bá kúrò lọ́dọ̀ yín, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún yọjú.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tó máa ń ṣi àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà lọ́nà. “Entrée” ni oúnjẹ ìṣíde, kì í ṣe oúnjẹ gidi bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń lò ó. “Plat” ni oúnjẹ gidi. “Menu” ní Faransé sì ni àkópọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ti dá iye lé lápapọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ gbogbo oúnjẹ sí, “la carte” ni wọ́n ń pè é.

Ẹ fi ẹyin bẹ̀rẹ̀. Œuf mayonnaise ni oúnjẹ tó kéré jù, òun náà ló sì máa ń tú àṣírí ilé ìdáná. Ẹyin tí wọ́n sè fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nínú omi tó ń hó, tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n da mayonnaise bò. Bí ẹ bá rí àmì tó fẹ́ dà bí ewé ní etí pupa ẹyin, ó ti pẹ́ jù lórí iná, pupa rẹ̀ á sì máa fún lẹ́nu bí ìyẹ̀fun. Mayonnaise gidi kì í funfun báláú bíi tinú ìgò. Ó máa ń pọ́n díẹ̀, ó máa ń wúwo, mọ́sítáàdì sì máa ń ta nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé, pupa ẹyin kan, ṣíbí tíì kan mọ́sítáàdì, iyọ̀, fínígà díẹ̀, àti òróró tó tó mílílítà 150 sí 200. Ẹ jẹ́ kí òtútù kúrò lára gbogbo wọn. Ẹ kọ́kọ́ máa kán òróró náà sí i ní ìkán-ìkán bẹ́ ẹ ṣe ń lù ú. Ẹ̀yìn tó bá ti ki tán lẹ tó lè máa dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí òróró bá yára wọlé, á já: omi á lọ lọ́tọ̀, òróró á lọ lọ́tọ̀. Ẹ má dà á nù. Ẹ mú pupa ẹyin tuntun sínú abọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ máa lu èyí tó já náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò tún dì pọ̀. Ìdí tí ilé ńlá fi ń ṣe é dáadáa ni pé ẹ̀rọ ló ń lù ú, tí wọ́n ń ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì ń pẹ́ nílẹ̀.

Poireaux vinaigrette náà dára. Ẹ̀fọ́ tó gùn, tó jọ àlùbọ́sà ẹléwé ni, wọ́n á sè é títí ọ̀bẹ á fi wọ inú rẹ̀ láìsí agídí, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á wá da òróró àti fínígà sí i. Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: bí wọn kò bá fún omi inú rẹ̀ dànù, omi náà á fọ adùn fínígà lọ. Bí ẹ bá rí omi láìládùn nísàlẹ̀ àwo, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìgbín wá kàn. Ìgbín tiwọn kì í ṣe ìgbín tiwa. Ọ̀kan péré nínú èyí tí à ń rà lọ́jà nílé lè kún àtẹ́lẹwọ́. Escargot de Bourgogne kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀. Mẹ́fà tàbí méjìlá ni wọ́n ń tà, nínú àwo tó ní ojú kòtò-kòtò kí ìkarahun má baà yí. Wọ́n ti se ẹran rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dá a padà sínú ìkarahun, wọ́n sì fi bọ́tà tí wọ́n po mọ́ aáyù àti ewé parsley dí i lẹ́nu, kó tó wọ inú ààrò. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú bọ́tà tó ṣì ń hó. Bí bọ́tà bá ti dákẹ́ tó ń dì, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Wọ́n á gbé ẹ̀mú kékeré kan àti àmúga ẹlẹ́nu méjì wá pẹ̀lú rẹ̀. Òdìkejì ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni ẹ̀mú yìí. Bí ẹ bá fún un, ẹnu rẹ̀ á là; bí ẹ bá dẹwọ́, á dì. Ibi tí àlejò ti ń kàgbákò nìyẹn: ó ti fi ẹ̀mú mú ìkarahun, ó rò pé kí òun fún un kó má bọ́, ẹnu ẹ̀mú á là, ìgbín á fò sórí aṣọ ẹni tó jókòó lódìkejì pẹ̀lú bọ́tà gbígbóná. Ẹ fún un kí ẹnu rẹ̀ là, ẹ fi ẹnu rẹ̀ mú ìkarahun, ẹ dẹwọ́, kẹ́ ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi ti àmúga bọ ẹran náà, kẹ́ ẹ yí i tẹ̀lé bí ìkarahun náà ṣe lọ́, yóò jáde lódidi. Ẹ dà èyí tó kù nínú ìkarahun sórí búrẹ́dì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ gbà pé bọ́tà àti búrẹ́dì yẹn gan-an ni oúnjẹ náà, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹran rẹ̀ kò ní le bíi ti ìgbín ilé, àmọ́ kò yẹ kó fà bíi rọ́bà.

Nínú oúnjẹ gidi, bœuf bourguignon ni olórí. Ẹran èjìká tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà, olú, ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ àti wáìnì pupa. Nílé, ìgò wáìnì kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 75 máa ń tó fún ẹran kílò kan sí kílò kan àbọ̀. Ibi ara màlúù tó ń ṣiṣẹ́ jù ni ibi wọ̀nyí, iṣan kún inú wọn. Lórí iná tó rọra ń jó fún bíi wákàtí mẹ́ta, iṣan náà á yọ́, á di ohun tó ń fà díẹ̀, òun ló ń mú kí ọbẹ̀ náà ki, kó sì máa dán. Bí iná bá le, tí ìkòkò ń hó gidigidi, ẹran á gbẹ nínú bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló wà. Ohun tó dára jù nípa rẹ̀ ni pé ó máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì, torí náà gbígbóná tí wọ́n ń gbé e kaná léraléra nílé ńlá bí èyí kò pa á lára. Ẹ fi àmúga nìkan gé e. Bó bá nílò ọ̀bẹ, kò tíì jinná. Bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá ń kan, wáìnì rẹ̀ kò tíì sè tó. Ata kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ bèèrè “moutarde”, mọ́sítáàdì Dijon máa ń ta dé imú.

Choucroute náà bá ilé yìí mu: kábééjì tí wọ́n ti fi iyọ̀ mú kan, oúnjẹ agbègbè Alsace, pẹ̀lú sọ́séèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti pòtétò sísè. Ó pọ̀ nínú àwo. Ẹ má jẹ ẹ́ lọ́sàn-án bí ẹ bá ṣì fẹ́ rìn káàkiri ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìdí tí a fi ń sá fún steak. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń bi yín: bleu, tí iná kàn fọwọ́ kan ìta rẹ̀, saignant, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà, à point, tí Faransé kà sí déédéé, àmọ́ tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, àti bien cuit, tó jinná. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, bien cuit ni wọ́n máa sọ. Ègé tó fẹ́lẹ́ tí ilé olówó pọ́ọ́kú ń lò kò gba ìyẹn: kó tó jinná tán, ó ti gan. Bí alásè náà bá sì gbójú kúrò fún ìṣẹ́jú kan, ìpele kan ti fò. Pòtétò díndín náà ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó wọ òróró, àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 160°C kí inú rẹ̀ rọ̀, èkejì ní nǹkan bí 180°C kí ẹ̀yìn rẹ̀ pa kàkà. Bí èrò bá pọ̀, tí wọ́n da púpọ̀ sínú òróró lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á tutù, pòtétò á sì mu ún. Steak tartare ní tirẹ̀, ẹran tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, kò fojú kan iná. Andouillette, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni, òórùn rẹ̀ a sì máa le. Ẹni tó fẹ́ràn ṣàkì àti ìfun ẹran kò ní bẹ̀rù rẹ̀, àmọ́ kí ó mọ ohun tí òun bèèrè.

Àwọn tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí fọwọ́ kan ọtí ní láti ṣọ́ra gidigidi, nítorí àwọn méjèèjì máa ń wà nínú ohun tí orúkọ rẹ̀ kò fi hàn. A ti sọ ti bourguignon. Ẹ bèèrè “Il y a du porc?” fún ẹlẹ́dẹ̀ àti “Il y a de l'alcool?” fún ọtí. Ẹyin, poireaux àti ẹja ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Ẹran tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá, ẹ má rò pé halal ni.

Ìpápánu ìkẹyìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Bí baba au rhum bá wà, ẹ mú un: kéèkì tó fúyẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi ṣúgà àti ọtí rọ́ọ̀mù. Ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Omi gbọ́dọ̀ jáde títí dé àárín rẹ̀. Bí àárín bá gbẹ, wọn kò rẹ ẹ́ pẹ́ tó.

Ẹ má ra omi. “Une carafe d'eau, s'il vous plaît” ni kẹ́ ẹ sọ, wọ́n á gbé omi ẹ̀rọ wá lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ló ní bẹ́ẹ̀, láti 2022 sì ni ó ti di dandan kí ilé oúnjẹ fi hàn gbangba pé ọ̀fẹ́ ni. Búrẹ́dì náà wà nínú owó oúnjẹ. Bí ẹ bá kàn sọ pé “de l'eau”, ó lè jẹ́ ìgò olówó ni wọ́n máa gbé wá.

Orí pépà tábìlì náà ni agbóúnjẹ ti máa ń ṣírò owó lójú yín, ó ń kọ ọ́, ó ń rò ó pọ̀. Ẹ bá a kà á. Ìlà kan fún oúnjẹ kan, kò ṣòro. Owó iṣẹ́ ti wà nínú iye tó wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó ń retí ìdá 20 nínú 100 bíi ti Amẹ́ríkà. Bí inú yín bá dùn sí i, Euro kan tàbí méjì lórí tábìlì ti tó. Ẹyin náà kì í tó Euro 5, ọ̀pọ̀ plat kì í ju Euro 15 lọ, ẹnì kan sì lè jẹ oúnjẹ ìpele mẹ́ta láì ná tó Euro 30. Ní àárín Paris, iye yẹn ṣọ̀wọ́n.

Bó bá jẹ́ pé steak ló ń wù yín ní tòótọ́, bistro kékeré ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì ṣe tán láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo pátákó rẹ̀: oúnjẹ mẹ́ta sí márùn-ún lábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan ló fi alásè tó ń dáná fúnra rẹ̀ hàn. Láti 2014 ni àmì “fait maison” ti wà, ìkòkò tí òrùlé ilé bò lórí. Ó túmọ̀ sí pé inú ilé náà ni wọ́n ti se oúnjẹ ọ̀hún láti inú èròjà tútù. Ìwé oúnjẹ tó ní fọ́tò, tí wọ́n kọ ní èdè mẹ́fà, pẹ̀lú ọgọ́ta oúnjẹ, ẹ rékọjá rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar wá láti Lọ́ńdọ̀nù, Chartier mìíràn wà ní iwájú ibùdókọ̀ Gare de l'Est láti 2022, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti Gare du Nord, ibùdókọ̀ tí Eurostar ń gúnlẹ̀ sí. Yàrá rẹ̀ kò ní ìtàn tó ti Faubourg-Montmartre, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jókòó ní wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ yín tó gbéra, kẹ́ ẹ san owó nígbà tó bá ku wákàtí kan àtààbọ̀, nítorí yíyẹ ìwé ìrìnnà wò ní Gare du Nord a máa gba àkókò.